Áńtíbọ́dì Tó Ń Kí Gbogbo Ènìyàn

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Kẹsàn-án,
Abraham Adésànyà Estate,
Àjáh, Èkó.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Wàlíyát ọmọ Sìmbíátù,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí Kàmál ọmọ rẹ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó sì bá ọ níbi tí èémí rẹ ti ń wọlé tó sì ń jáde láìsí ìnira. Má rò pé àṣà ìkọ̀wé lásán ni mo fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ṣe. Nítorí èémí rẹ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Èmi náà wà láàyè. Mo pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ní oṣù tó kọjá. Orúnkún ń dùn mí, ojú ọ̀tún mi kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì lè di báírò mú.

Èmi ni Ọládayọ̀, tí o máa ń pè ní Ọ̀gá nígbà tí a jọ wà ní ilé ìwádìí ní Ìlàsàn, lẹ́yìn Jakande Estate. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí a ti jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Jọ̀wọ́, má ya ìwé náà kí o tó kà á dé ìsàlẹ̀. Bí o bá ti kà á tán, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o fi ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kọkànlá, mo wá sí ṣọ́ọ̀bù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ ní Addo. Bọ̀sún tí ó máa ń fọ àwọn ìgò wa nígbà náà ni ó júwe ibẹ̀ fún mi. O kò dá mi mọ̀. O fi ìbòmú bo ẹnu, èmi náà fa fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, irùngbọ̀n mi sì ti funfun. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàrin àwọn tó ń dúró. Ìyá kan ń fapá jánú níwájú rẹ nítorí pé omi lo kọ́kọ́ kán sórí ohun àyẹ̀wò, ó ní, “Ìyá Kàmál, omi lo fẹ́ yẹ̀ wò ni àbí ẹ̀jẹ̀ mi? Ibà ló ń ṣe mí o, kì í ṣe òùngbẹ!” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. O ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi omi léèrè ná. Bí omi bá sọ pé òun ní ibà, irọ́ ni àyẹ̀wò yìí ń pa nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ tiyín á wá lọ jẹ̀bi ohun tí kò ṣe.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ dájú pé ìwọ ni. Lẹ́yìn náà ni o bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. O di etí tábìlì mú, o wúkọ́ títí tí ìyá yẹn fi gbàgbé ẹjọ́ tó ń rò, tó ń sọ pé, “Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́.” O ní eruku ojú títì ni. Mo ti gbọ́ irú ikọ́ yẹn rí, ní Bàdóre, lẹ́nu ìyá rẹ. Nígbà tí o sọ pé, “Bàbá, ó kàn yín,” mo dìde, mo jáde. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márùwá padà sílé. N kò ro nǹkan kan lójú ọ̀nà. Mo kàn ń ka orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù bí a ṣe ń kọjá wọn, títí mo fi dé ẹnu géètì.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. O mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Kàmál náà lè kà á kí ó sì yé e. Ní ọdún 2010, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà ní Bàdóre ni à ń ṣèwádìí lé lórí. Ìwọ lo mú wa wọ agboolé yín. Àwọn kan nínú wọn ti fa èéfín ààrò fún ọgbọ̀n ọdún, ikọ́ díẹ̀ náà ló ń ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn kò tíì lo ọdún mẹ́wàá nídìí rẹ̀ tí èémí wọn ti ń gé. A fẹ́ mọ ohun tó fà á. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, àwọn purotéènì kan wà tó ń jẹ kòkòrò àìsàn run. Bí wọn kò bá rí ẹni dá wọn lẹ́kun, ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ni wọn yóò kọjú sí, wọn yóò máa jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Purotéènì mìíràn wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Adènà ni àwa ń pè é láàrin ara wa. Ẹni tí kò bá ní Adènà, tó tún wá ń fa èéfín lójoojúmọ́, láti inú ni ilé rẹ̀ ti ń wó.

Ojú lásán kò lè rí Adènà. Áńtíbọ́dì ni a fi ń wá a, omi tóró kan nínú ìgò tí kò ju ọmọ ìka lọ, tí a rà láti òkè òkun. Ohun tí a ń retí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ó kọjá lára gbogbo purotéènì yòókù bí ẹni tí kò rí wọn, kí ó sì lọ dì mọ́ Adènà nìkan. Ibi tó bá ti dì mọ́ ọn, ilà dúdú yóò hàn lórí fíìmù, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìgò náà lò lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ tó dé, mo kó gbogbo yín jọ, a dúró yí i ká, a gbàdúrà lé e lórí. Ìwọ gba tìrẹ ní ìlànà Mùsùlùmí, èmi gba tèmi, a ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi dán nǹkan kan wò. Ibi gbogbo láyé, wọ́n á kọ́kọ́ fi irú áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀ kan ohun tí wọ́n mọ̀ dájú pé kò ní Adènà nínú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń purọ́. Èmi ní ohun tó jìnnà tó báyìí kó tó dé, tí a sì ti gbàdúrà sí, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fi ẹ̀kán kan rẹ̀ ṣòfò. A wọ inú iṣẹ́ lọ tààrà.

Ìwọ nìkan lo dán an wò. O bu díẹ̀ nínú iṣu tútù tí Bọ̀sún fẹ́ sè lọ́sàn-án, o lọ̀ ọ́, o fi í sínú iṣẹ́ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni. Ilà dúdú yọ lára iṣu. O mú fíìmù náà tọ̀ mí wá níṣojú gbogbo wọn, o kúnlẹ̀, o ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Áńtíbọ́dì yìí, gbogbo ènìyàn ló ń kí o. Ẹnìkan ṣoṣo la rán an sí nínú agboolé, ó wá ń ya ojúlé kọ̀ọ̀kan kí wọn. Iṣu kì í mí, Ọ̀gá. Kí ni Adènà ń wá lára iṣu?”

Mo rántí èsì tí mo fún ọ. Mo ní, “Wàlíyát, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ òyìnbó tó ṣe é bí wọ́n ṣe ń kíni ni?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Dúrójayé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní bí ó bá di ọ̀la kí o má gbàgbé epo pupa. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní Ìyá Oníṣu, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá wọn náà ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ pé ọwọ́ rẹ kò mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé. O lè má mọ̀ pé èmi ni. Èmi ni.

N kò ní sọ pé n kò mọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sílé, mo gbé fíìmù náà sí ojú fèrèsé, mo wò ó, mo sì rí i pé òtítọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n mo ti fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àpérò kan ní Ìbàdàn, mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ó kù díẹ̀ kó parí. Mo fi fíìmù náà sínú dúrọ́wà, mo tì í. Lọ́dún kejì, a tẹ iṣẹ́ náà jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Èyí tó burú jù ni mo ń bọ̀ wá sọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò áńtíbọ́dì náà pé fún ìwádìí nìkan ni, a kò gbọ́dọ̀ fi sọ fún ẹnikẹ́ni bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n o mọ àwọn ènìyàn rẹ. A kì í gba ẹ̀jẹ̀ wọn ká dákẹ́. Ọjọ́ tí a padà lọ, wọ́n tẹ́ ẹní fún wa lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n gbé ẹja yíyan kalẹ̀, olúkúlùkù mú káàdì nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Dókítà, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ wa lọ. Kí lẹ bá níbẹ̀? Ẹni tó bá wọ yàrá ẹni, ó yẹ kó sọ ohun tó rí.” Ó yẹ kí n sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ojú ló tì mí láti jẹ ẹja wọn kí n má rí nǹkan sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí pe nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ fún wọn pé wọ́n ní Adènà, pé ó pọ̀. Kí ni kò ní jẹ́ kó pọ̀? Iṣu pàápàá ní in.

Ìyá rẹ jókòó sí apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Wọ́n wúkọ́ kí wọ́n tó na káàdì wọn sí mi. Mo ní, “Alhaja, ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín tó ọmọ ogun. Ẹ fọkàn balẹ̀.” Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní, “Àlùbáríkà! Mo ti ń sọ fún Wàlíyát pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ọsibítù, ọsibítù, òun ṣáá ni lójoojúmọ́. Ẹ bá mi sọ fún un, Dókítà.” Mo yíjú sí ọ, mo sì sọ fún ọ. O wolẹ̀. Ìwọ mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà mọ̀. O kò lè já ọ̀gá rẹ nírọ́ lójú ìyá rẹ àti gbogbo agboolé, níbi tí ẹja àlejò wà nílẹ̀. Mo mọ̀ pé o kò lè ṣe é. Ohun tí mo gbára lé nìyẹn.

Ìyá rẹ kò lọ sí ọsibítù. Wọ́n yan ẹja fún ọdún mẹ́ta sí i. Ọjọ́ tí Bọ̀sún pè mí ní ọdún 2014 pé wọ́n ti kú, ìpàdé ni mo wà. Nígbà tí mo fi jáde, wọ́n ti sin wọ́n. Mo fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, ìlà kan péré. O kò dáhùn. Ara tù mí pé o kò dáhùn.

Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwádìí náà pa ní ọdún 2017, mo kó ẹ̀jẹ̀ Bàdóre wá sílé, ogójì ìgò kéékèèké. N kò lè sọ ìdí rẹ̀. Mo tò wọ́n sínú agolo bisikíìtì, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ fírísà. Ọdún tó kọjá ni Láídé ìyàwó mi tú u rí. Ó pariwo, “Bàbá Tọ́pẹ́! Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́ja lẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tí mò ń sè fún yín jẹ?” Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ kò dà á nù. Ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ rẹ ní Addo dé ni mo tó gbé agolo náà sórí tábìlì.

Ìwé tí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sí ti bá omi lọ ní ọdún tí àgbàrá wọ ilé ìwádìí. Nítorí náà, kò yẹ kí n lè mọ ẹni tó ni ìgò wo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo nu yìnyín kúrò lórí ìdérí ìgò kọkànlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, tí a fi báírò kọ tínńtín: Màámi. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ. Mo sì rántí pé mo bá ọ wí lórí rẹ̀. Mo ní kò sí Màámi nínú sáyẹ́ǹsì, nọ́ńbà ló wà.

Ọpẹ́, tí mo kọ́ ní yunifásítì, ti ní yàrá àyẹ̀wò tirẹ̀ báyìí, ó sì ní áńtíbọ́dì tuntun tí a fi ń wá Adènà. Ní oṣù Kejìlá, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wá ṣe iṣẹ́ kan níbẹ̀. Nítorí ojú mi, òun ló ń bá mi fa omi sínú ìgò. Omi lásán ni mo kọ́kọ́ bi léèrè. Omi dákẹ́. Mo yọ bíbù iṣu jáde nínú àpò mi. Ọpẹ́ wò mí bí ẹni pé ogbó ti ń da orí mi rú, ó ní, “Sà, iṣu kẹ̀?” Mo ní kó sáà bá mi lọ̀ ọ́. Iṣu náà dákẹ́, ààyè rẹ̀ funfun báláú. Lẹ́yìn náà la tó fi ogójì ìgò náà sí i. Ilà yọ lára mọ́kàndínlógójì. Àwọn kan ṣe báìbàì, nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ti ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ. Ìgò kọkànlélọ́gbọ̀n kò ní nǹkan kan. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí.

N kò sunkún. Mo fọ ọwọ́ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọpẹ́, mo lọ sílé. Láídé ti se ìyókù iṣu náà, mo jẹ ẹ́ tán. N kò lè sọ bí ó ṣe rí lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti rí báyìí, bí yàrá tí a ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀.

Ibi tí mo há sí nìyí, Wàlíyát. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ sára áńtíbọ́dì tuntun náà: fún ìwádìí nìkan. Mo ti fi irú rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ pé ara wọn le, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Bí mo bá tún fi í sọ fún ọ pé ara rẹ kò le, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni mo tún dá. Bí mo bá sì dákẹ́, ìwọ ń wúkọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń rò ó, oṣù mẹ́ta yẹn náà sì wà lọ́rùn mi. Nítorí náà, n kò sọ fún ọ pé báyìí ni ara rẹ ṣe rí. N kò mọ bí ó ṣe rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àìní Adènà lè ti ara ìyá dé ara ọmọ, kí ó sì dé ara ọmọ-ọmọ. Ìwọ àti Kàmál, ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n fi ohun èlò àyẹ̀wò tí a ṣe fún aláìsàn yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi ìwé kejì sínú àpò ìwé yìí, mo kọ gbogbo bí a ṣe ṣe iṣẹ́ náà sí i. Fi hàn wọ́n. Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Má sì gba ti ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ́kọ́ bi omi léèrè.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ wa jáde pé kí wọ́n fà á padà. Mo sọ fún wọn pé ìwọ lo rí àṣìṣe náà ní ọdún 2010, pé o sọ fún mi, pé mo sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Dúrójayé gbọ́, ó pè mí, ó ní, “Ọ̀gá, ta ló tún ń ka ìwé yẹn? Ẹ fi sílẹ̀ jàre.” Mo ní mo ti fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ní Sátidé tó ń bọ̀, mò ń lọ sí Bàdóre láti sọ fún àwọn tó kù láyé nínú wọn pé ohun tí mo sọ lábẹ́ igi àgbọn lọ́jọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹja kalẹ̀, n kò ní jẹ.

N kò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ. Bí mo bá tọrọ rẹ̀, iṣẹ́ ni mo tún gbé lé ọ lọ́wọ́, o sì ní ohun tí ó yẹ kí o kọ́kọ́ ṣe. Lọ sí ọsibítù.

Kí Ọlọ́run tí ìwọ àti èmi jọ ń pè má ṣe jẹ́ kí ìwé yìí pẹ́ jù. Kí ó fún ọ ní èémí tó máa bá ọ dọ́jọ́ alẹ́. Kí Kàmál máà jogún ohun tó ń gé èémí, kí ó jogún ojú rẹ tó ń rí òtítọ́. Kí Ọlọ́run mú ibojì Alhaja Sìmbíátù gbòòrò, kí ibẹ̀ ní afẹ́fẹ́.

Èmi ni ọ̀gá rẹ àtijọ́, tí o kúnlẹ̀ sọ òtítọ́ fún, tí ó gbọ́ tí kò gbà,

Ọládayọ̀ Ṣóbándé.

Mo tún rántí: ẹ̀jẹ̀ Màámi ku bí ẹ̀kán méjì nínú ìgò náà. Mo kó mọ́kàndínlógójì yòókù fún Ọpẹ́, ṣùgbọ́n èyí wà lọ́dọ̀ mi. Láídé ti kó gbogbo ẹja rẹ̀ kúrò nínú fírísà, n kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún mi pé kí n tan jẹnẹrétọ̀. Bí o bá fẹ́ kí àwọn dókítà lò ó, bí o bá fẹ́ sin ín, bí o bá fẹ́ wá mú un láìsọ̀rọ̀, wá. Ìwọ lo kọ orúkọ sí i. Ìwọ lo ni ín.